Kòkòrò àrùn ti wọ páńkíríásì ọkọ mi, dókítà ní ká ṣì dúró: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá_Dámi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọkọ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọ̀rọ̀ náà sì ti tojú sú mi. Inú rírun ló fi bẹ̀rẹ̀, ìrora tó gba àárín ikùn lọ sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú èébì tí kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní páńkíríásì rẹ̀ ló wú, pé òkúta inú òróòro ló fà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, a rò pé ó ti ń bọ̀ sípò. Àfi bí ibà ṣe dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí òtútù ń mú un, tó ń gbọ̀n. Wọ́n ṣe síkáànì CT mìíràn, wọ́n rí afẹ́fẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ níbi tí ẹran páńkíríásì ti kú, wọ́n sì ní àmì pé kòkòrò àrùn ti wọ ibẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé dókítà oníṣẹ́ abẹ ní òun kò ní í là á báyìí. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fà sí i lára, wọ́n ní ká ṣì máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bínú. Wọ́n ní nǹkan tó bá ti jẹrà nínú èèyàn, gígé ni kí wọ́n gé e jù nù. Àwọn dókítà tún ń mẹ́nu ba ẹ́ńdósíkópì, wọ́n ń mẹ́nu ba rọ́bà tí wọn yóò gba ẹ̀gbẹ́ tì wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Ṣé ká gbà láti dúró ni, àbí ká gbé e lọ síbòmíràn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ìyá Dámi, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ara ọkọ yín á yá. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú aláìsàn yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn, torí ibẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ dúró wà.

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni páńkíríásì wà, ó sún mọ́ egungun ẹ̀yìn. Òun ló ń pèsè oje tó ń da oúnjẹ nínú ìfun, òun náà ló ń pèsè ínsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Tí òkúta bá dí ojú ibi tí oje yẹn ń gbà jáde, oje náà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú páńkíríásì gan-an, kó máa jẹ ẹran tó pèsè rẹ̀. Nínú èèyàn 100 tí èyí bá bá, nǹkan bí 80 ni tiwọn máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ẹran ibẹ̀ ń kú fún. Nínú àwọn yẹn, tó ìdá kan nínú mẹ́ta ni kòkòrò ń wọ̀ nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ìfun aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń jáde wá, torí pé àìsàn ti mú kí ara ìfun dẹ̀, kò lè dá wọn dúró mọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kò tọ́jú wọn tó.

Wàyí o, kí ló dé tí wọn kò gé e? Ní ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ìkẹta, ẹran tó kú àti èyí tó yè ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn, kò sí ààlà láàárín wọn. Ẹni tó bá ti ọ̀bẹ bọ ibẹ̀ lásìkò yẹn á gé tààyè mọ́ tòkú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ara á ti mọ ògiri yí ìdọ̀tí náà ká, òkú ẹran á ti rọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti di omi. Ìgbà yẹn ni ó ṣeé kó.

Dídúró yìí kì í ṣe pé wọ́n pa wọ́n tì o. Wọ́n ń dúró pẹ̀lú oògùn tó lè wọnú òkú ẹran, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ń wo ìtọ̀, wọ́n ń wo ìmí. Ẹ̀yin náà ẹ máa wò. Tí ìmí wọn bá ń yára ju tàná lọ, tí ìtọ̀ bá dínkù, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ń dàrú, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí dókítà yóò wá yí wọ́ọ̀dù.

Káyọ̀dé_Àgbà

Mo dúró ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín o. Irú àìsàn yìí ló ṣe bàbá mi nígbà kan, wọ́n la ikùn wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n kó gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n tún là á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá mi yè é. Wọ́n lo ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi gbé ọyún sínú, kó máa retí oògùn. Ẹ lọ bá àwọn dókítà yín, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn.

Ọ̀bẹ_Pẹ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, mo kí yín sà. Inú mi dùn pé bàbá yè é. Iṣẹ́ abẹ ni èmi náà kọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì kọ́ àwọn tó ṣáájú wa: ibi tí ọyún bá wà, là á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí èrò wa padà, kí Ìyá Dámi lè rí nǹkan sọ fún ẹbí.

Àwọn dókítà ní Nẹ́dálándì kó aláìsàn 88 jọ tí àìsàn yìí ń ṣe, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan, wọ́n la ikùn wọn bí ti àtijọ́. Àwọn yòókù, wọ́n tọ́jú wọn ní ìpele ìpele: wọ́n kọ́kọ́ ti rọ́bà bọ ibẹ̀ láti fa ọyún jáde, èyí tí ìyẹn kò bá tó fún nìkan ni wọ́n wá gba ojú kékeré wọlé láti kó òkú ẹran. PANTER ni wọ́n pe ìdánwò náà, ọdún 2010 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tí wọ́n là, ìdá 69 nínú 100 ni ìṣòro ńlá dé bá tàbí tó kú. Nínú àwọn tí wọ́n gba ìpele, ìdá 40 ni. Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín: iye àwọn tó kú nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ẹ̀yà ara tó ń daṣẹ́ sílẹ̀, ìpákè tó ń yọ lójú ọgbẹ́, àti àtọ̀gbẹ. Àtọ̀gbẹ tuntun bá ìdá 38 nínú àwọn tí wọ́n là, ìdá 16 ló bá nínú àwọn yòókù.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù lọ ni pé ìdá 35 nínú 100 àwọn tó gba ọ̀nà ìpele, rọ́bà nìkan ló tó fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò kó òkú ẹran kankan nínú wọn, ara wọn ló bá a jà títí ó fi pòórá. Èrò wa tẹ́lẹ̀ ni pé tí òkú ẹran bá wà níbẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè yè. Irọ́ ni. Ọyún tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń pa èèyàn. Tí a bá ti fún un ní ọ̀nà, ara lè mójú tó ìyókù.

Àwọn ará Nẹ́dálándì yìí kan náà tún béèrè ìbéèrè tí Ìyá Dámi ń béèrè lónìí: ṣé ká ti rọ́bà bọ̀ ọ́ kíá, àbí ká fi oògùn dúró títí ògiri yóò fi yí i ká? Aláìsàn 104 ni wọ́n lò. POINTER ni orúkọ ìyẹn, ó jáde ní 2021. Àwọn tí wọ́n yára ti rọ́bà bọ̀ kò sàn ju àwọn tó dúró lọ. Nínú àwọn tó dúró, ìdá 39 nínú 100 ló jẹ́ pé oògùn apakòkòrò nìkan ló wò wọ́n, a kò fi nǹkan kan gún wọn.

Ṣùgbọ́n ìdúró ní ààlà. Tí ìfun bá lu, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nínú tí kò ṣeé dí láti inú iṣan, tí ikùn bá le koko tó fi ń fún àwọn ẹ̀yà ara pa, a ó là á, bó jẹ́ òru. Bí oògùn bá ti wọlé tí ara sì ń burú sí i, a kì í ka ọ̀sẹ̀, a máa ń ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kódà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò bá tíì pé.

Káyọ̀dé_Àgbà

O ṣeun, dókítà. Ìpákè yọ lójú ọgbẹ́ bàbá mi lóòótọ́, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ínsúlínì sin ayé wọn. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ yẹn lè wà lára ohun tó fà á. Ìyá Dámi, ẹ fi èyí han ẹ̀gbọ́n ọkọ yín.

Ìyá_Dámi

Mo ti kà á fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún béèrè nípa ẹ́ńdósíkópì yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe lè gba ẹnu kó nǹkan tó wà lẹ́yìn ikùn? Ṣé òótọ́ ni pé kò ní í sí ọgbẹ́? Èwo ló dára jù nínú ti ẹnu àti ti ẹ̀gbẹ́?

Fẹ́mi_Onísíkópù

Yàrá ẹ́ńdósíkópì ni ibi iṣẹ́ mi mà, èmi ni mo máa ń gbé irinṣẹ́ lé dókítà lọ́wọ́. Bó ṣe ń rí nìyí.

Wọn á fún wọn ní oògùn oorun. Dókítà á ti síkópù, ìyẹn rọ́bà gígùn tó ní kámẹ́rà lẹ́nu, gba ọ̀nà ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò oúnjẹ. Síkópù yìí ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú ara ní ẹnu rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún, kìkì pé ó kéré gan-an. Òun ló ń jẹ́ kí dókítà rí ẹ̀yìn ògiri àpò oúnjẹ, kó rí ibi tí ọyún kó jọ sí, kó sì yẹra fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ògiri àpò oúnjẹ àti ògiri ọyún ti fara kan ara ni yóò lu. Yóò fi síténtì onírin kan, ìyẹn túúbù kékeré, sójú ihò náà. Síténtì yìí gbòòrò lórí, ó gbòòrò nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ dín, kó lè di ògiri méjèèjì mú pọ̀. Ọyún á wá máa ṣàn sínú àpò oúnjẹ, á bá ìfun lọ. Lóòótọ́, kò sí ọgbẹ́ lára. Ṣùgbọ́n ihò wà nínú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ni.

Tí ibà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn á tún padà wọlé. Síténtì yìí fẹ̀ tó kí síkópù gba àárín rẹ̀ kọjá bọ́ sínú ibi ìdọ̀tí gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi irinṣẹ́ oníkókó okùn àti onímùú fa òkú ẹran jáde díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì dáọ́sáídì ló yẹ kí wọ́n máa fẹ́ sínú lásìkò yẹn, kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán, torí afẹ́fẹ́ lásán tó bá wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ máa fi sọ́kàn pé wọ́n lè padà wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí kì í ṣe pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́.

Ọ̀bẹ_Pẹ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Fẹ́mi. Nípa èyí tó dára jù: wọ́n ti fi méjèèjì wé ara wọn. Ìdánwò tí wọ́n pè ní TENSION ni, ó jáde ní 2018, aláìsàn 98 ni wọ́n lò. Iye àwọn tí ìṣòro ńlá dé bá tàbí tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdá 43 fún ẹ́ńdósíkópì, ìdá 45 fún ọ̀nà àwa oníṣẹ́ abẹ. Àmọ́ oje páńkíríásì tó ń jò gba ara síta, tó ń ba awọ jẹ́, tó ń mú kí rọ́bà pẹ́ lára, ìdá 5 péré ni nínú ti ẹ́ńdósíkópì, ìdá 32 ni nínú tiwa. Àwọn tó gba ẹ́ńdósíkópì tún tètè kúrò ní ọsibítù. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò tí wọ́n pè ní MISER, tó jáde ní 2019, rí i pé ìṣòro ńlá bá ìdá 12 nínú ti ẹ́ńdósíkópì àti nǹkan bí ìdá 41 nínú ti iṣẹ́ abẹ ojú kékeré.

Èmi oníṣẹ́ abẹ ni mo ń sọ èyí: tí ọyún bá wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí ògiri ti yí i ká, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ́ńdósíkópì dáadáa sì wà, ọ̀nà ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Àmọ́ ibi tí ọyún wà ló ń pinnu ọ̀nà. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣàn gba ìhà òsì lọ sísàlẹ̀, títí dé ìbàdí. Síkópù kò lè dé ibẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ti rọ́bà bọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ síkáànì. Wọ́n máa ń fẹ́ kó gba ẹ̀yìn ìhà òsì wọlé, torí tí rọ́bà kò bá tó, ojú ọ̀nà kan náà ni àwa yóò tẹ̀ lé: a ó gé ibẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, a ó ti kámẹ́rà wọlé, a ó kó èyí tó ti ya sọ́tọ̀, a ó fi èyí tó ṣì lẹ̀ sílẹ̀. A kì í fipá já a. Àwọn mìíràn wà tó nílò méjèèjì pọ̀, síténtì lókè, rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, Ìyá Dámi, ìbéèrè yín nípa gbígbé wọn lọ síbòmíràn, èyí ni ìdáhùn mi: ẹ má gbé wọn lọ nítorí pé wọ́n ní kí ẹ dúró. Ẹ gbé wọn lọ tí ibẹ̀ kò bá ní ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), onísíkópù, dókítà tó ń fi síkáànì ti rọ́bà bọ̀, àti oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣe irú èyí rí, tí gbogbo wọn ń jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ aláìsàn kan. Àìsàn yìí kì í ṣe ti dókítà kan ṣoṣo. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé wọn, nígbà tí ara ṣì lè gbà á ni, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìmí bá ti ń lọ sókè sódò.

Adéọlá_Ọmọ_Màmá

Màmá mi gba ọ̀nà ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀ Fẹ́mi. Síténtì onírin yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ọyún bá ti gbẹ tán, ògiri ibẹ̀ á máa sún wọlé, irin náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ṣe síkáànì, tí wọ́n á sì yọ ọ́. Ara màmá ti yá nígbà náà, wọ́n ti ń rìn, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò sì rántí síténtì mọ́ yàtọ̀ sí àbúrò mi obìnrin tó ti kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba déètì yíyọ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í sí i, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ó mú dání kúrò ní ọsibítù.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi rọ́bà kékeré méjì tí orí wọn ká kò rọ́pò rẹ̀. Dókítà ní páńkíríásì màmá ti já sí méjì láàárín, pé ìrù rẹ̀ tó ṣì yè ń pèsè oje tí kò rí ọ̀nà gidi mọ́, kí rọ́bà yẹn máa darí rẹ̀ sínú àpò oúnjẹ. Ìyẹn lè pẹ́ nínú ara.

Ẹ tún béèrè nípa oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù. Dókítà tiwa dá a dúró nígbà tí síténtì wà níbẹ̀, ó ní ásíìdì ń bá wọn jẹ òkú ẹran. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró o, àwọn kan wà tó nílò rẹ̀ gidi nítorí egbò inú.

Àǹtí_Ṣadé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo tọ́jú, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni tirẹ̀. Kí n sọ ti rọ́bà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹbí pọ̀ sí jù, àwọn dókítà kì í sì í ní àyè láti ṣàlàyé rẹ̀ tó.

Ohun tó ń jáde ki, ó ní èérún òkú ẹran nínú, ó máa ń dí rọ́bà. Nítorí náà wọ́n máa ń fi omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ bá máa gbé e délé. Ẹ máa tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí omi kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í, ẹ pè wọ́n. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ iye tó jáde lójúmọ́ àti àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ iye omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìwé yẹn wúlò ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ nígbà tí dókítà bá dé.

Kí ni ẹ ó máa ṣọ́? Tí ohun tó ń jáde bá dáwọ́ dúró lójijì tí ibà sì padà dé, rọ́bà ti dí tàbí ó ti yẹ̀. Wọ́n lè fi èyí tó nípọn jù rọ́pò rẹ̀, ó wọ́pọ̀. Tí ó bá mọ́ gaara bí omi tí kò sì dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ oje páńkíríásì ló ń jò. Ẹ dáàbò bo awọ ibẹ̀, torí oje yẹn ń jẹ awọ. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa, kódà bó ṣe díẹ̀, kódà bó bá dá fúnra rẹ̀, ẹ má sùn lé e lórí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Mo fara mọ́ Àǹtí Ṣadé, pàápàá lórí ẹ̀jẹ̀. Oje páńkíríásì máa ń jẹ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá, iṣan náà á wú bíi bàlúùnù, á sì bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ lè jẹ́ ìkìlọ̀ èyí tó pọ̀. Fún ẹni tó ní síténtì nínú, èébì ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ni àmì tirẹ̀. Síkáànì tó ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò ṣe, wọn á sì gba ìtan wọlé lọ dí iṣan náà láti inú.

Tósìn_Ìlera

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú o. Mo kà á níbì kan pé àwọn kòkòrò rere inú kápúsù máa ń bá kòkòrò burúkú inú ìfun jà. Bí ó bá jẹ́ inú ìfun ni kòkòrò ti ń wá, ṣé ẹ kò rò pé kí Ìyá Dámi fún wọn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Rárá o, Tósìn. Mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́, àwọn dókítà pàápàá ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dán an wò ní Nẹ́dálándì lórí àwọn tí páńkíríásì wọn wú lọ́nà tó le, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Ìdá 16 nínú 100 àwọn tó gba kòkòrò rere yẹn ló kú, nígbà tó jẹ́ ìdá 6 nínú àwọn tí kò gbà á. Ìyá Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí dókítà kò bá kọ, ẹ má fi bọ ẹnu wọn.

Ohun tó ń bá kòkòrò ìfun jà gan-an ni oúnjẹ. Tí wọn ò bá lè jẹun lẹ́nu, kí wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú lọ sínú àpò oúnjẹ tàbí ìfun, kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ lọ. Ìfun tí oúnjẹ ń gbà kọjá ara rẹ̀ kì í dẹ̀ bí èyí tó ṣófo. Oúnjẹ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wà fún ìgbà tí ìfun bá kọ̀ pátápátá, ó sì ní ewu kòkòrò tirẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọn ò fún wọn ní oúnjẹ kankan láti ọjọ́ púpọ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Mo_Ṣì_Wà

Irú àìsàn yìí ti ṣe èmi fúnra mi rí. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ìyá Dámi, èèyàn máa ń ti inú rẹ̀ jáde o. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí lónìí ló kọ èyí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni bí ìyókù ṣe gùn tó. Ibà máa ń lọ, á tún padà. Lọ́jọ́ tí mo bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, lọ́jọ́ kejì mi ò ní í lè gbé orí. Ẹran ara mi gbẹ, itan mi di ọ̀pá. Mo ń rí àwọn nǹkan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ICU, ó sì pẹ́ kí n tó lè sùn nínú òkùnkùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi rò pé orí mi ti yí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín sọ àlá rẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e jókòó, kí ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìmárale wá sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lójoojúmọ́ bó bá ṣeé ṣe.

Nígbà tí mo délé, mò ń jẹun, mo sì ń rù sí i. Ìgbẹ́ mi ń léfòó, ó ń dán bí ẹni da òróró lé e, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà mọ́ra. Páńkíríásì tó ṣẹ́ kù kò lè pèsè oje tó ń da ọ̀rá mọ́ ni. Kápúsù oje yẹn wà. Ìgbà tí èèyàn bá bu òkèlè àkọ́kọ́ ni à ń gbé e mì, tí oúnjẹ bá pọ̀, a ó tún gbé òmíràn mì láàárín. Kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ ni ara ti ń padà bọ̀. Kí wọ́n tún máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kódà bí ó bá dára nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù, torí ó lè yọjú lẹ́yìn oṣù púpọ̀.

Sìgá àti ọtí, mo fi méjèèjì sílẹ̀ pátápátá. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ló fa ti ọkọ yín, páńkíríásì tó ti fara gbọgbẹ́ kò lè gba ìyà mìíràn.

Ọ̀bẹ_Pẹ̀lẹ́

Ìyẹn rán mi létí òróòro. Bí wọ́n bá fi òróòro tó ní òkúta yẹn sílẹ̀, àìsàn náà lè tún padà wá. A máa ń yọ ọ́ lẹ́yìn tí ọyún bá ti gbẹ, tí wíwú bá ti rọlẹ̀, kì í ṣe nínú ìjì yìí. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀ nítorí pé ara ti yá.

Ìyá_Dámi

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti sunkún tán, mo sì ti nu ojú. Ibà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ láti àná, wọ́n ti ti rọ́bà oúnjẹ gba imú rẹ̀. Dókítà ní tí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àwọn á tún síkáànì rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wo bóyá ògiri ti yí i ká, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọn á gba ẹnu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi jókòó nípàdé yẹn. Kí la fẹ́ béèrè gan-an?

Ọ̀bẹ_Pẹ̀lẹ́

Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò síkáànì hàn yín lójú ẹ̀rọ, kí wọ́n nawọ́ sí ibi tí ọyún wà, kí ẹ lè rí i bóyá ó fara kan àpò oúnjẹ tàbí ó ti lọ sí ìhà. Ẹ béèrè pé: irú kòkòrò wo ni, ṣé oògùn tí ẹ ń lò ń pa á? Ṣé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àbí òkú ẹran ló pọ̀ jù? Èyí tí òkú ẹran bá pọ̀ nínú rẹ̀ ló sábà máa ń nílò kí wọ́n padà wọlé léraléra. Ẹ béèrè ẹni tí yóò ṣe é, àti bóyá ó máa ń ṣe é déédéé. Ẹ béèrè àmì tí yóò mú kí wọ́n kánjú wọlé kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, kí gbogbo yín jọ mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gba ìdáhùn sí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ni pé: tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní aago méjì òru lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi síténtì sí i, ta ni yóò wá dí iṣan yẹn, ṣé inú ọsibítù yìí ló wà, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó kó tó dé?